Bí Mo Ṣe Di Ògbufọ̀ Ìlú Orí Ìwé

Mo rántí ìgbà tí mo gbà tọkàntọkàn pé rúlà àti pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi ń tẹ ìlú dó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pòlì nígbà náà, ìpínlẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀ kò sì tíì dàgbà ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ABD lọ. Gbogbo ẹni tó bá ti so táì mọ́rùn ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí yóò sọ ilẹ̀ wa di ìlú òyìnbó kí ọdún tó yí po. Èmi náà so táì mọ́rùn. Mo ní ìwé ẹ̀rí kan, ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì, àti bàtà kan tó ń dún kò, kò, kò lórí sìmẹ́ǹtì. Mo sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gba ibi tí sìmẹ́ǹtì wà kọjá kí ayé lè gbọ́ pé mò ń lọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi tí mi ò tíì láṣọ, àkísà àwọn àgbà ni mo kọ́kọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ni iṣẹ́ ìlú tuntun. Àwọn olówó kan tí wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn, tí èdè wa kò yé wọn, kó ara wọn jọ pé àwọn fẹ́ kọ́ ìlú ìgbàlódé sí ẹ̀bá ọ̀nà tó jáde láti Ìkọ̀lé, níbi tí oko kòkó pọ̀ sí. Wọ́n gba aṣètò ìlú kan tó ti pẹ́ lókè òkun, òun ló sì gbà mí pé kí n wá máa bá òun ya àwòrán. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀gá mi yìí, ṣùgbọ́n ó máa ń fẹnu kan èdè Yorùbá bí ẹni ń fi ìka méjì gbé òkú eku. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ Èkìtì sí i pẹ́nrẹ́n, á kọjú sí mi, á béèrè lédè òyìnbó pé kí ni ọkùnrin yẹn wí. Mo rò pé ọ̀làjú nìyẹn. Kò tó oṣù kan tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí èmi náà fi ń ṣe bí ẹni pé Èkìtì ti ń le lẹ́nu mi, èmi tí wọ́n bí sí Ọyẹ́, tó jẹ́ pé ulé ni mo ń pe ilé, uṣẹ́ ni mo ń pe iṣẹ́, títí mo fi gòkè àgbà.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìkọ̀lé ni a ti ń ṣiṣẹ́. Iná kì í fi bẹ́ẹ̀ wà, ooru á mú, òógùn á máa kán sórí ìwé, ọ̀gá mi kò sì ní bọ́ kóòtù. Bí iṣẹ́ bá sú u, á dìde lọ sí ojú fèrèsé, á máa wo àwọn òrùlé pánù tó ti dípẹtà nísàlẹ̀, á ní, "Wò ó, bí ẹni da iṣu sílẹ̀ látinú agbọ̀n. Kò sẹ́ni tó ronú kí wọ́n tó kọ́ ọ." Èmi á rẹ́rìn-ín. Abẹ́ irú pánù bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ń gbé ní Ọyẹ́, abẹ́ rẹ̀ ni mo sì ti jáde ní àárọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí mo jẹ iṣu tí ó sè fún mi yó. Mo rẹ́rìn-ín síbẹ̀.

Kí n má purọ́, ìlú náà dára lórí ìwé. Àdúgbò mẹ́sàn-án ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó ara rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ọjà tirẹ̀, ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ omi, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, pápá ìṣeré, àti ilẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ yóò máa gbin ẹ̀fọ́ sí. Òfin ọ̀gá mi ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kó tó rí iyọ̀ rà, ọmọdé kò sì gbọdọ̀ sọdá títì ńlá kó tó dé ilé ẹ̀kọ́. Ohun rere ni. Títí di òní, mi ò rí àbùkù nínú èrò náà. Ara àwa tí a gbé e dání ni àbùkù wà. A kò mọ ibi tí omi yóò ti wá. Odò kékeré tó wà níbẹ̀ máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn débi pé adìẹ lè rìn ín kọjá kí omi má kan án lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́, ọ̀gá mi mú pẹ́ńsùlù aláwọ̀ búlúù, ó kun adágún omi ńlá kan sí àárín ìlú. Ó ní àwọn olówó fẹ́ràn búlúù. Báyìí ni a ṣe fi pẹ́ńsùlù gbẹ́ odò, mo sì pè é ní ọgbọ́n.

Àdúgbò Kẹrin ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi yà á. Mo mọ igi tí yóò wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, mo mọ ibi tí àwọn arúgbó yóò máa jókòó sí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá mi ti ṣèlérí pé òun yóò jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ àwòrán náà, bó tilẹ̀ máa rí tíntìn-tín. Mo fẹ́ràn àwọn arúgbó orí ìwé yẹn gan-an ni. Wọn kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn.

Nígbà tí àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ gbé irinṣẹ́ wọn jáde ni a rí i pé orí abúlé kan ni Àdúgbò Kẹrin bọ́ sí gẹ́lẹ́. Mo mọ abúlé náà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá mi sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni baálẹ̀ ibẹ̀. Kòkó ọkùnrin yìí ló rán mi lọ sí pòlì, nítorí bàbá mi ti kú kí n tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti ta kòkó tán, yóò gun kẹ̀kẹ́ wá sí Ọyẹ́ tòun ti iṣu lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, yóò yanjú ọ̀rọ̀ ilé ìwé mi pẹ̀lú ìyá mi, yóò wá pè mí pé kí n ka ìwé òyìnbó sí òun létí. Kò gbọ́ òyìnbó rárá. Ó kàn fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún lẹ́nu mi ni. Yóò dijú, yóò máa mi orí, bí mo bá sì kà á tán, yóò ní kí n tún un kà.

Ọ̀gá mi fún mi ní fọ́ọ̀mù kan pé kí n lọ kọ gbogbo ohun amáyédẹrùn tó bá wà ní abúlé náà sínú rẹ̀. Mo rìn yíká. Alágbẹ̀dẹ kan wà níbẹ̀ tó ń rọ àdá. Agbẹ̀bí kan wà tí àwọn aboyún ń wá bá láti abúlé mìíràn. Kànga kan wà tí kì í gbẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ kan wà, mọ́ṣáláṣí kékeré kan kọjú sí i, ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Àìkú kò sì bá ara wọn jà rí. Mo rí ibi tí wọ́n ti ń fún epo, mo rí ibi tí wọ́n ti ń yan gàárì, mo rí abẹ́ igi odán níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ènìyàn yóò rìn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó dé. Mo wo gbogbo rẹ̀ fínnífínní, mo mú kálámù, mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé kò sí nǹkan kan. Òmùgọ̀ lásán kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ó gba kí wọ́n kọ́kọ́ rán òmùgọ̀ náà lọ sí ilé ìwé gíga.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó sórí àpótí níwájú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní ń rùn kíkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tẹ́ àwòrán mi sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo fi òkúta mẹ́rin tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ẹni ń wàásù. Ó tẹ́tí sílẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó fi ìka rẹ̀ rìn káàkiri orí ìwé náà.

"Ọmọ mi, mo rí ulé ìwé. Mo rí ọjà. Ulé àdúrà méjèèjì wà níbẹ̀, a dúpẹ́. Níbo lẹ ó máa sin òkú sí?"

Mo ní, "Bàbá, a ò tíì ronú dé ibẹ̀."

"Níbo ni wọn ó máa sá kòkó sí?"

"Bàbá, kò ní sí kòkó níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ọ́fíìsì làwọn tó bá ń gbé ibẹ̀ á máa ṣe."

Ó wò mí. Kò bínú. "Àwọn wo nìyẹn? Ṣé àwa ni, àbí àwọn mìíràn?"

Mo wá sọ ohun tí gbogbo ẹni tí kò ní èsì ń sọ láyé ìgbà yẹn: mo ní ìtẹ̀síwájú ni. Nígbà tí mo padà dé Ìkọ̀lé, mo sọ ọ̀rọ̀ òkú yẹn fún ọ̀gá mi bí ẹni ń dá àpárá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní nínú ìlú ti òun, kò sẹ́ni tí yóò kú kí ogún ọdún àkọ́kọ́ tó pé. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀rín rírín ni mo fi jẹun ní ọ́fíìsì yẹn ju àwòrán yíyà lọ.

Ọjọ́ ìpàdé wá pé. Gbọ̀ngàn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí abúlé náà ni wọ́n lò, ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ òyìnbó díẹ̀ ti bá iṣẹ́ wọn lọ sí Ìkọ̀lé àti Ìdó. Jíìpù mẹ́rin ló kó àwọn olówó náà dé. A gbé ìlú tí a fi páálí àti fóòmù kọ́ sórí tábìlì. Kànrìnkàn tí a kùn ní àwọ̀ ewé ni a fi ṣe igi rẹ̀. Àwọn ará abúlé tò kọjá níwájú rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó wá wo òkú olóyè. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé nítorí fáànù tí wọ́n gbé síwájú àwọn àlejò, ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn kò sì lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níwájú. Ọ̀gá mi ní èmi ni kí n ṣe ògbufọ̀. Mo fa táì mi le.

Àwọn kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní olórí ẹbí, tí wọ́n ń gbé inú ìlú, ti tọwọ́ bọ ìwé lórí ilẹ̀ náà ṣáájú. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà láàárín àwọn àlejò yẹn, ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló ní àwọn kò fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá fẹ́, pé kí àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ gan-an sọ tẹnu wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dìde. Agbádá tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè ló wọ̀. Ó kí àwọn àlejò tán, ó wá kọjú sí mi.

"Sọ fún wọn pé a kí wọn káàbọ̀. Ulú tí wọ́n fẹ́ kọ́, ó wù wá. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń wò yìí, a ò gbà. Ibẹ̀ ni ulé wa wà, ibẹ̀ ni kòkó wa wà, ibẹ̀ ni àwọn bàbá wa sùn sí. Kí wọ́n sọdá títì sí apá olókùúta lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó ń roko níbẹ̀. Àwa fúnra wa ó bá wọn ṣán an. Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ o, ọmọ mi."

Kò sí ohun tó lọ́jú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti ń sọ ọ́ ni mò ń rí i pé bí ìlú náà bá sọdá títì, Àdúgbò Kẹrin ti kú nìyẹn, àti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti igi ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àti orúkọ mi tíntìn-tín tí wọn yóò kọ sí ìsàlẹ̀. Ohun tí mo rò kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti gbìyànjú láti wá ìdí mìíràn tó ga ju èyí lọ, kí ìwà mi lè ní iyì díẹ̀ ó kéré tán. Mi ò rí. Mo kọjú sí àwọn àlejò, mo ní bàbá náà ń kí wọn káàbọ̀, ó ní ìlú náà wu àwọn, inú àwọn dùn, àdúrà kan ṣoṣo tí àwọn ní ni pé kí wọ́n rántí àwọn ọmọ àwọn fún iṣẹ́.

Obìnrin náà wò mí lójú. "Ṣé wọ́n gbà?"

Mo ní, "Wọ́n gbà."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Ṣùgbọ́n tèmi kò fọ́ lójú ẹsẹ̀. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n pa sí i. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rò pé ọ̀rọ̀ tí òun sọ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ó tẹrí ba díẹ̀ fún àwọn àlejò, ó yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Wọ́n ti gbọ́!" Inú gbọ̀ngàn dùn. Ó wá wò mí bó ti máa ń wò mí nígbà tí mo bá ń kàwé sí i létí.

Láàárín àwọn ará ibẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ ohun tí mo ṣe, ìyẹn ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n fún ní àga níwájú. Ó kọ́kọ́ gbójú sókè sí mi. Ó wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Wọ́n ti ṣèlérí fún un pé òun náà yóò wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú tuntun. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Àgbà tiwa wà lọ́jà, ó ń ka okùn bàtà.

Bí a ti ń jáde, ọ̀gá mi gbá mi léjìká. "O kú iṣẹ́, ọmọ ọlọ́gbọ́n," ni ó wí, ní Yorùbá tó mọ́ gaara, tí kò ní ìkọsẹ̀ kankan. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìgbà náà ló tó yé mi pé gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí ló yé e, láti òkè dé ilẹ̀. Ó kàn fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ló ti jáde ni, kí ọwọ́ tirẹ̀ lè mọ́. Síbẹ̀, mo rò pé ó ń yìn mí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n ìyá mi gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa. Mi ò tíì rí i kó mí gúlegúle bẹ́ẹ̀ rí. Ewé kòkó há sí ọrùn aṣọ oko rẹ̀.

"Ọmọ mi, dìde, jẹ́ ká máa lọ. Àwọn ènìyàn yẹn ti gbàgbé. Katapílà ti wọ oko. Wá bá mi sọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, bó o ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́sí."

Mo ní, "Bàbá, ẹ máa lọ. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín."

Ó gbà mí gbọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró dè mí lójú oko rẹ̀. Mo jókòó, mo fi abẹ gbẹ́ pẹ́ńsùlù. Mo gbẹ́ mẹ́jọ. Nígbà tí ó máa fi di ọjọ́ kejì, kò sí igi kòkó kankan tó dúró níbi tí Àdúgbò Kẹrin yóò wà, wọ́n sì ti wó ilé alágbẹ̀dẹ. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, kànga ti dí. Àwọn ará abúlé fọ́n ká: agbẹ̀bí gba Ayégbajú lọ, alágbẹ̀dẹ lọ sí Ìpáò, ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin tó lọ́kọ sí Ìgbólé. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì yẹn, nígbà tí kò rí àga ìgbìmọ̀ tó ń retí, ló wá rántí pé òun ní ẹ̀rí ọkàn. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìgbólé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìlú náà. Wọ́n lànà mẹ́ta tí wọ́n fi amọ̀ pupa dì, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ́ òbìrípo kan tí ọkọ̀ kankan kò yí ká rí, wọ́n gbé pátákó ńlá kan sẹ́bàá títì. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ níbi márùn-ún láti wá omi, òkúta ni wọ́n bá. Àwọn olówó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà nítorí orúkọ. Olúkúlùkù fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òun pe Àdúgbò Kìíní. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ Àdúgbò Kẹsàn-án. Àgbààgbà ènìyàn, wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò ṣáájú nínú igbó. Obìnrin ara balẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ yọwọ́ kúrò, àwọn yòókù tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjò ọdún náà sọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀gbun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo dé ọ́fíìsì, mo bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ọ̀gá mi ti lọ. Ó kó kóòtù rẹ̀, ó fi ìlú sílẹ̀. Ìlú páálí yẹn wà lórí tábìlì, eku ti jẹ òrùlé ilé ìwòsàn Àdúgbò Kejì.

Ìyá mi kò pariwo mọ́ mi. Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀.

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Màmá, mo sọ ohun tó máa ṣe gbogbo wa láǹfààní."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tó láǹfààní. Mo bi ọ́ ní ohun tó o sọ."

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì ó wọ aṣọ rẹ̀, ó mú mi lọ sí Ìgbólé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo kí i. Kò wò mí. Ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹ̀gbọ́n mi ni, ó ní kó wá dúró sáàárín wa.

"Bi í pé kí ló wá ṣe."

Ẹ̀gbọ́n mi wojú rẹ̀, ó wojú mi. "Bàbá, ó kúkú ń gbọ́ yín."

"Mo mọ̀. Bi í."

Ó bi mí. Mo ní mo wá tọrọ àforíjì. Ọkùnrin náà gbójú sí ògiri títí ọmọ rẹ̀ fi tún ọ̀rọ̀ mi sọ fún un, bí ẹni pé láti ìlú òkèèrè ni mo ti wá. Ó wá dá ọmọ rẹ̀ lóhùn.

"Sọ fún un pé mo gbọ́. Sọ fún un pé bí ó bá jẹ́ ọ̀tá ló ṣe é, ǹ bá ti mọ bí mo ṣe máa jà. Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Omi ti ń bọ́ lójú ẹ̀gbọ́n mi nígbà náà, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un, kò yọ ẹyọ kan kúrò. Lórí ilẹ̀ tí mo dọ̀bálẹ̀ sí ni mo ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe ògbufọ̀. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, ó fi ọmú tí àwọn jọ mu bẹ̀ ẹ́. Ó dá ìyá mi lóhùn pẹ̀lú sùúrù. Èmi, kò bá mi sọ̀rọ̀ tààrà lọ́jọ́ náà, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ tààrà mọ́ títí ó fi kú.

Kò kú sí Ìgbólé. Nígbà tí pátákó ẹ̀bá títì wó lulẹ̀ tí kò sẹ́ni tó wá gbé e dìde, ó padà sórí ilẹ̀ rẹ̀, ó ṣán igbó, ó gbin kòkó tuntun, arúgbó tó mọ̀ dájú pé òun kò ní jẹ nínú rẹ̀ pẹ́. Alágbẹ̀dẹ dé láti Ìpáò. Wọ́n kó búlọ́ọ̀kù tí àwa oníṣẹ́ ìlú tuntun fi sílẹ̀, wọ́n fi kọ́ mọ́ṣáláṣí tó dúró dáadáa, èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi mọ odi yí kànga tuntun ká. Agbẹ̀bí nìkan ni kò padà. Ó ti kú sí Ayégbajú. Ní gbogbo ọdún Kérésì ni mò ń lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọmọ kan tàbí òmíràn á sì dúró sáàárín wa, á máa gbé ọ̀rọ̀ lọ, á máa gbé e bọ̀. Àwọn àlejò tí kò mọ̀dí rò pé etí rẹ̀ ló dí.

Nígbà tí ó kú, ẹbí ní èmi tí mo kàwé jù ni kí n ka ìtàn ayé rẹ̀ lédè òyìnbó fún àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn. Mo ní kí ọmọ rẹ̀ obìnrin kà á. Mo dúró sẹ́yìn lábẹ́ igi odán. Ó dárúkọ gbogbo ẹni tí bàbá rẹ̀ rán níwèé, wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ti pẹ́ báyìí. Ìdó ni mò ń gbé, àwòrán ilé kéékèèké ni mò ń yà fún àwọn ènìyàn, yàrá mẹ́ta, yàrá mẹ́rin, mo sì máa ń jẹ́ kí olówó ilé sọ̀rọ̀ tán kí n tó mú pẹ́ńsùlù. Nígbà kan mo gbọ́ ohùn ọ̀gá mi lórí rédíò, ó ń ṣàlàyé ìlú tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ó ti di àdúgbò méjìlá. Mi ò tilẹ̀ bínú. Irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n, bí eṣinṣin ni wọ́n, ibi tí nǹkan bá ti ń rà ni wọ́n ń bà lé. Èyí tó ń yà mí lẹ́nu ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn ní Ìkọ̀lé, tó ní ìyá, tó ní ẹ̀gbọ́n ìyá, tó sì gbọ́ èdè méjèèjì. Mi ò lè wò ó lójú láìsí ìríra, bẹ́ẹ̀ inú dígí ilé mi ló ń gbé. Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí pé èé ṣe tí mi ò fi ń bá àwọn sọ òyìnbó nílé bí àwọn bàbá ọ̀rẹ́ wọn. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé mo ti sọ èyí tó kàn mí.